Oúnjẹ Bàbá Rẹ àti Oògùn Tó Wà Nísàlẹ̀ Báàgì Rẹ

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà rẹ wá láti Jọ́ọ̀sì jẹ́ ènìyàn rere. Ó dúró ní Ojoo títí Táyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ fi dé ibẹ̀, kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà, bàbá rẹ náà kà á. Inú wa dùn pé iṣẹ́ báǹkì náà bá ọ lára mu, pé yàrá tí o gbà mọ́ tónítóní, àti pé òtútù ìlú náà kò tíì borí rẹ. Súwẹ́tà kan wà nínú àpò tí wọn yóò fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Wọ̀ ọ́, má fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sórí àga.

Ojú ìwé kẹta lẹ́tà rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí. O ní nígbà tí wọ́n yẹ ara rẹ wò kí o tó wọṣẹ́, dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ru. O ní ó tún pè ọ́ padà, ó tún yẹ̀ ọ́ wò, bákan náà ló rí, ó sì fún ọ ní oògùn. O ní oògùn náà wà nísàlẹ̀ báàgì rẹ, o kò tíì tú u. O ní kí n má ṣèyọnu, nítorí pé ọ̀nà bàbá rẹ ni ìwọ náà fẹ́ tọ̀: ẹ̀fọ́, káróòtì, ọsàn àti omi sóbò. O wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ṣebí oúnjẹ ni Bàbá fi wo ara wọn sàn."

Èmi kò bínú. Ohun tí o gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ ni o kọ. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún àlejò níwájú ilé wa yẹn, wọ́n máa ń fo àárín rẹ̀. Ẹni tó bá fo àárín ìtàn, ibi tó wù ú ló máa gúnlẹ̀ sí. N óò sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn. Fara balẹ̀ kà á.

Ọdún tí bàbá rẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ṣókótó nígbà náà. O mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ la igbó Ìjẹ̀ṣà àti Òkè-Ògùn já tòun ti okùn ìwọnlẹ̀ kò ní tètè gbà pé àárẹ̀ lè mú òun. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì. Èmi ni mo fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó kọ oògùn, ó sì ní ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé títí ayé ni wọn yóò máa lò ó. "Títí ayé" yẹn ló dùn wọ́n jù. Wọ́n ń tún un sọ ní gbogbo ọ̀nà títí a fi délé. Wọ́n ní títí ayé, bí ẹni pé ìgbéyàwó ni.

O rántí Ọ̀gbẹ́ni Láwàní tó ń gbé ilé kejì sí wa, èyí tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Àbúrò ni lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun àti bàbá rẹ mọwọ́ ara wọn. Ó wá kí wọn ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ohun tí ènìyàn lè jẹ. Ó ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó ń kan irin ló ń mú kí irin dípẹtà. Ó ní afẹ́fẹ́ kan náà tí à ń mí sínú, tó gbé ẹ̀mí wa ró, a máa fi ìdọ̀tí kan sílẹ̀ nínú ara, ìdọ̀tí náà a sì máa bá ọkàn, ojú àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jà díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Ó ní ohun tó ń kápá ìdọ̀tí yìí wà nínú oúnjẹ, pàápàá oúnjẹ tó bá ní àwọ̀: ẹ̀fọ́ tó dúdú mìnìjọ̀, tòmátì tó pọ́n, káróòtì, epo pupa, ìbẹ́pẹ, ẹ̀wà pupa. Àǹtí-ọ́sídáǹtì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, láìdá ọjọ́ kan sí, ara rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó gbó.

Bàbá rẹ ní kí ó tún orúkọ náà pè. Wọ́n ń pè é títí tó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni ilé ìdáná ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ring Road délé, wọ́n á ti lọ sí ọjà Bódìjà, wọ́n á ti bọ̀. Ẹni tí kò ra ata rí wá mọ obìnrin tó ń ta ṣọkọ lórúkọ, wọ́n mọ ọjọ́ tí ọkọ̀ tòmátì ń dé láti òkè Ọya. Wọ́n fa òdòdó tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé tu, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ewúro. Obìnrin kan ní àdúgbò ní kì í ṣe irú èyí ni wọ́n kọ́ Bódìjà fún. Bàbá rẹ bu ẹ̀fọ́ fún un, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n wá dojú kọ bí mo ṣe ń se ọbẹ̀. Ká sọ tòótọ́, wọ́n tọ̀nà lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, ohun tó sì dùn mí nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, bí mo ṣe máa ń se ẹ̀fọ́ ni pé n óò gé e, n óò bọ̀ ọ́ nínú omi híhó títí yóò fi rọ̀ bí àkísà, n óò fún un, n óò da omi rẹ̀ nù, n óò tún wá dà á sínú ọbẹ̀ kí ó máa hó lọ. Epo pupa ńkọ́? N óò gbé e kaná títí pupa rẹ̀ yóò fi ṣí, tí èéfín yóò gba ilé, tí àwọn aládùúgbò yóò máa wúkọ́. Mo rò pé bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn nìyẹn. Ohun tó ń ṣe ara lóore gan-an ni mo ń dànù, tí mo ń jó níná. Nítorí náà, ọmọ mi, fọ ẹ̀fọ́ rẹ kí o tó gé e. Jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná kí o tó da ẹ̀fọ́ sí i, bí ó bá sì ti rọ̀ díẹ̀, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Epo pupa, jẹ́ kí ó gbóná, má jẹ́ kí ó rú èéfín, má sì dà á jù. Tòmátì ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láwàní ní iná àti epo díẹ̀ a máa jẹ́ kí ara rí oore inú rẹ̀ gbà dáadáa.

Ibi tí mo dé yìí ni mo ti rántí búrẹ́dì tí o kọ pé o ń jẹ lọ́sàn-án níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Dùgbẹ̀, kí n tó mọ bàbá rẹ, búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò ni oúnjẹ ọ̀sán mi. Ọlọ́sàn ń kọjá níwájú wa, mo ń wò ó pé oúnjẹ ará oko ni. Erìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ bí mo bá ti fi pákò kàn án, mo sì ń di ẹ̀bi ru pákò. Ìyá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ló là mí lóye pé kí n máa fa ọsàn lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí erìgì náà fi gbádùn. Ìwọ náà, má jẹ́ kí iṣẹ́ báǹkì sọ ọ́ di ẹni tó ń fi búrẹ́dì tan ikùn jẹ.

Jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ. Oúnjẹ náà bá wọn lára mu. Ikùn wọn fà, wọ́n ń sun oorun àsùngbádùn, ìgbẹ́ tó máa ń há mọ́ wọn kò há mọ́. Èmi gan-an rí i lára mi. Nígbà tí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ dáadáa, kí wọ́n máa bá ohun gbogbo lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oúnjẹ nìkan ni etí bàbá rẹ mú nínú "ohun gbogbo" yẹn.

Mo ń wá òwú nínú dúrọ́ọ̀ lọ́jọ́ kan ni mo rí páálí oògùn wọn. Ó kún, eruku ti bò ó. Mo gbé e lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn ti dá a dúró láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé ara àwọn dára.

"Ìyá Táyọ̀," wọ́n ní, "bí òjò bá ti dá, ṣé ènìyàn tún máa ń ṣí agboòrùn rìn kiri ni?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé òjò ti dá? Ó lè jẹ́ pé agboòrùn ló ń gbà á."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yìn mí pé mo mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n sì tẹ̀síwájú nínú ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń jẹ. Mo tọ Ọ̀gbẹ́ni Láwàní lọ. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó jókòó tì wọ́n, ó sì fi sùúrù sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ohun tí mo sọ ni pé oúnjẹ ń ran ara lọ́wọ́. N kò sọ pé ó ń lé ohun tó ti wọlé jáde."

Bàbá rẹ dáhùn pé ẹni tó ṣe oògùn ló fẹ́ kí àwọn máa rà á títí ayé, ewé kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kí ó ra òun. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni àárín àwọn méjèèjì ti dín kù. Bí Ọ̀gbẹ́ni Láwàní bá ń kọjá, bàbá rẹ á tẹjú mọ́ ìwé ìròyìn.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń bó ọsàn níwájú ilé, mo wà nínú pálọ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀, mo rò pé ó yọ̀ lọ́wọ́ wọn ni. Nígbà tí mo yọjú, wọ́n ń gbìyànjú láti mú un nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò sì gbọ́ràn. Mo pè wọ́n. Wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò já geere, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. N kò pariwo. Mo sáré kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Láwàní, ẹni tí a kò kí dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Jalamíà tó fi sùn ló wọ̀ tó fi wa ọkọ̀ gbé wa. Mo jókòó sẹ́yìn, mo di ọwọ́ bàbá rẹ mú. Ó tutù, ó sì wúwo, bí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Dókítà ọmọbìnrin kan ló gbà wọ́n sílé ìwòsàn. Ó bi mí bóyá wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní wọ́n ti dá a dúró. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò bá mi wí. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni, pé kò tíì burú jù, pé wíwá tí a tètè wá ṣe wọ́n lóore. A pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé sí ọ ní Ṣókótó pé Bàbá ṣàárẹ̀ díẹ̀, ara wọn sì ti ń yá. Bàbá rẹ ló ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o má baà fi iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ rẹ sílẹ̀. Nígbà tí o fi dé, wọ́n ti ń rìn, wọ́n sì sọ fún ọ pé làkúrègbé ló mú ọwọ́ àwọn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, mo bi dókítà náà léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní ṣé irọ́ wá ni gbogbo ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ láti ọjọ́ yìí.

Ó ní, "Rárá, Mà. Oúnjẹ náà kò purọ́. Bàbá ló gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un."

Ó ṣàlàyé pé kò sí ẹni tó lè búra pé oúnjẹ náà ló jẹ́ kí àìsàn náà mọ níwọ̀n, kò sì sí ẹni tó lè búra pé òun kọ́. Ó ní kí a má jáwọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn. Nígbà tí mo délé tí mo wo ebè ẹ̀fọ́ yẹn, ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n hú u. Nígbà tó yá, mo bu omi, mo fi wọ́n ọn.

Ṣé o ti wá rí ibi tí bàbá rẹ máa ń fò? Wọ́n á sọ ti ìpẹtà irin, wọ́n á sọ ti ọjà Bódìjà, wọ́n á nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wá ní kí àlejò wo bí ara àwọn ṣe le tó. Wọn kì í dárúkọ oògùn tí wọ́n ń gbé mì láràárọ̀ kí wọ́n tó jáde síta. N kò dá wọn lẹ́bi. Ó máa ń wu ènìyàn kí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi wá nìyí.

Èkíní, tí o bá ka ibí yìí tán, dìde, kí o mú oògùn náà jáde. Mo mọ̀ pé báǹkì ló sanwó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Padà sọ́dọ̀ dókítà náà, sọ fún un pé o kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ó sọ fún ọ bí o ó ṣe lò ó. Bí oògùn náà bá ń dà ọ́ láàmú, sọ fún un, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ má fọwọ́ ara rẹ dá a dúró, bí ó ti wù kí ara rẹ dára tó. Sọ fún un pẹ̀lú pé o ń mu sóbò, nítorí wọ́n ní òun náà a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń fún ọ lóògùn mọ̀. Ìṣápá pupa ni sóbò, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ìṣápá funfun tí à ń fi se ẹ̀gúsí nílé. Má da ṣúgà sí i. Atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó.

Èkejì, oúnjẹ. Ìlú tí o wà yẹn ni wọ́n ti ń kó káróòtì àti kábéèjì wá bá wa. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rọ. Ìwọ ń rí i ní tútù, jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n má sọ káróòtì di òrìṣà. Kò sí oúnjẹ kan tó dá gbogbo oore ní. Jẹ́ kí àwọ̀ inú àwo rẹ pọ̀, kí ó sì máa yí padà: ẹ̀fọ́ lónìí, ẹ̀wà pupa lọ́la, gúáfà, ìbẹ́pẹ, ata, àlùbọ́sà. Kóró oògùn tí o ní ẹnìkan ń tà ní ọ́fíìsì yín, tó ní gbogbo èso ayé wà nínú rẹ̀, fi í sílẹ̀ fún un. Ìwọ ní eyín, fi jẹ èso. Dín iyọ̀ kù, pàápàá iyọ̀ inú ẹja agolo tí o fẹ́ràn yẹn, nítorí ohun tí ẹ̀fọ́ bá ń tún ṣe, iyọ̀ lè máa bà á jẹ́ lẹ́yìn rẹ. O ní ó ń sú ọ láti máa dáná fún ara rẹ nìkan. Se ọbẹ̀ ata sílẹ̀ ní Sátidé, ẹ̀fọ́ nìkan ni kí o máa dà sí i lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí àìsàn ṣe ń wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlera.

Èyí tó kù wúwo jù. O kọ ọ́ pé o ti ń gba onílé rẹ obìnrin, tó ní ìtọ̀ ṣúgà, níyànjú pé kí ó gbìyànjú ọ̀nà bàbá rẹ. Lọ bá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Kúnlẹ̀, kí o sọ fún un pé o kò mọ ìtàn náà tán nígbà tí o sọ ọ́. Kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀, kí ó má sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè èso tó lè jẹ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ojú lè tì ọ́. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Ọ̀gbẹ́ni Láwàní náà kí ọ, òun àti bàbá rẹ ti padà di ọ̀rẹ́, wọ́n sì jọ ń jiyàn lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí lẹ́tà yìí nígbà tí bàbá rẹ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì bèèrè ohun tí mo ń kọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi dígí sójú, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n sì tún àwọn ibì kan kà. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n yọ ti Sátidé yẹn kúrò.

Wọ́n ní, "O gbàgbé ibì kan."

Mo bi wọ́n pé ibo ni.

"Ọwọ́ yìí. Mo fi fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Sọ fún un pé n kò lè fi kọ orúkọ mi mọ́. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o kọ ọ́."

Mo ti kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí o fi rí orúkọ mi nìkan nísàlẹ̀ ibí yìí.

Ìyá rẹ,
Fọlákẹ́.